Kì í Ṣe Ọ̀kadà

Ní Ọláìyá, àwọn ọkọ̀ iwájú dá mi dúró.
Ìyá àgbà kan na ọwọ́ sí mi:
"Ọ̀kadà! Ìgbọ̀nà, èló?"
Mo ní, "Màmá, èyí kì í ṣe ọ̀kadà."
Ó wò ó láti iwájú dé ẹ̀yìn,
ó wo àpótí irin méjì tó dì mọ́ ìbàdí rẹ̀,
ó wo gíláàsì tó ń gba atẹ́gùn fún mi.
Ó ní, "Ṣé kì í ṣe táyà méjì ló ní ni?"

Táyà méjì ló ní. Kí ni mo fẹ́ jà sí?

Owó ìfẹ̀yìntì mi ló di irin yìí.
Jámánì ni wọ́n ti rọ ọ́,
ó la ọwọ́ olówó mẹ́ta kọjá
kó tó gba Kútọnu wọ Òṣogbo,
eruku lójú, bíréèkì ẹ̀yìn ò mú.
Àbẹ̀fẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ìrẹsì:
"Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń fi tiwọn kan òrùlé.
Ìwọ lọ ra ohun tí òjò ti ń pa ẹni tó ni ín."

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi lu òǹtẹ̀
ní ọ́fíìsì ilẹ̀ ìjọba.
Ìrèé, Àdá, Ìgbájọ: orúkọ lórí pépà.
Mo mọ ààlà oko olóko,
n ò mọ bí ìrì ṣe ń sẹ̀ níbẹ̀.

Gàníyù, mẹkáníìkì ẹ̀yìn réluwéè,
ló kọ́ mi bí a ṣe ń tẹ́tí sí i.
Ó fi ẹnu ṣúrúdíráfà kan ẹ́ńjìnnì,
ó fi ìdí rẹ̀ kan etí, ó dijú.
"Bàbá, fáàfù kan ń hanrun."
Láti ọjọ́ náà, gbogbo Sátidé, èmi náà ń dijú.
Mo ń fọ púlọ́ọ̀gì, mo ń fún ṣéènì mu,
mo ń gbọn eruku ọyẹ́ kúrò nínú asẹ́ afẹ́fẹ́.
Ọ́ọ̀lì àtijọ́ ń ṣàn jáde, dúdú bí omi ìkòkò aró.
Aláró ni ìyá mi. Bí a ṣe wẹ̀ ẹ́ tó lọ́jọ́ tó kú,
aró ò kúrò ní èékánná rẹ̀.
Mo wo tèmi. Mo rẹ́rìn-ín.

Ní ìdájí ọjọ́ kan mo rọra tì í jáde,
kí n má baà jí àdúgbò. Ó dé Òkè-Báálẹ̀ kó tó ké.
Ní Ìkìrun, ọlọ́pàá ní kí n dúró. Ìwé dà? Ìwé rèé.
"Bàbá, kí lẹ fẹ́ lọ ṣe n'Ígbájọ?"
"Mo fẹ́ lọ wò ó."
"Ẹ wo kí ni?"
"Ìgbájọ."
Ó dá ìwé mi padà bí ẹni dá ọmọ padà fún wèrè.

Òkè gbé wa, òkè sọ wá sílẹ̀,
kọ́nà lé kọ́nà, àpáta ń sọ ohùn wa padà fún wa,
òtútù ń gba ọrùn ẹ̀wù wọlé.
Lẹ́bàá ọ̀nà ni mo rí òkúta ààlà kan, nọ́ńbà lára rẹ̀.
Ọwọ́ mi ló lu òǹtẹ̀ sí nọ́ńbà yẹn.
Oko kòkó ni. Ọkùnrin kan ń sùn lábẹ́ igi,
bàtà rẹ̀ lórí àyà.
Mo pa ẹ́ńjìnnì, kó má baà jí.

Àbọ̀ ìrìn àjò náà ni mò ń bọ̀ tí ìyá fi dá mi dúró.
Mo bọ́ àṣíborí mi, ó dé e lé orí gèlè,
ó di ìbàdí mi mú bí ẹni di igi ọ̀pẹ.
Ní Ìgbọ̀nà ó tú ìdí ìró, ó yọ igba náírà.
Mo ní rárá. Ó ní,
"Ohun tí kì í gbowó kì í pẹ́ bàjẹ́."

Mo mú un délé. Àbẹ̀fẹ́ kà á lẹ́ẹ̀mejì,
ó gbé e sókè sí iná.
"Ó dára. Mílíọ̀nù mélòó ló kù?"